Dádì Kì í Gba Ọ̀nà Tààrà

Bàbá mi kì í gba ọ̀nà tààrà lọ síbì kankan, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ó bá dìde lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, á kọ́kọ́ lọ wo ìta lójú fèrèsé, á yà sí ìdí rédíò, á bi Màmá pé ṣé iná ò tíì lọ, iná á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa tàn yòò, kó tó wá di pé a gbọ́ tí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dún. Màmá á ní, "Ẹ kú ìrìn àjò o." Ọdún àkọ́kọ́ tí a kó dé Festac ni mò ń sọ yìí, nígbà tí òórùn ọ̀dà ṣì ń jáde lára ògiri, tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà ẹ̀yìn ilé sì ń ké lálaalẹ́ bí ẹni pé àwọn ni ìjọba pín ilé fún, tí àwa kàn wá jókòó tì wọ́n. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni láti fi ìgbálẹ̀ lé akàn kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, kí Àǹtí Rẹ̀mí tó ráyè dáná. Akàn kì í sáà lọ síbi tí èèyàn bá lé e sí. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn, yóò yà síbí, yóò yà sọ́hùn-ún, yóò sì padà síbi tó ti kúrò. Màmá á ní kí n rọra, kí n má lù wọ́n, ẹbí bàbá mi ni wọ́n.

Àǹtí Rẹ̀mí ni àbúrò Dádì kan ṣoṣo. Ìyá wọn kú nígbà tí Àǹtí ṣì ń rákòrò, Dádì ló tọ́ ọ, òun ló rán an nílé ìwé, òun náà ló mú un wá sí Èkó. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó ọmọ lọ sílé ìwé. Ó ń ṣe táípíìsì ní ọ́fíìsì kan ní Mazamaza, bó bá sì ti dé lálẹ́, ìdí ààrò ló ń gbà lọ, nítorí pé kò sí ẹlòmíì tó lè se ọbẹ̀ tí Dádì á jẹ tí á fi ìka nu àwo. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bínú. Ó ní iṣẹ́ tí èèyàn bá gbà lọ́wọ́ òun, òun kì í bá a du ú. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Ìbàdíàrán ni Màmá ń pe Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun dàgbà jù ú lọ dáadáa. Àǹtí náà á dá a lóhùn pé, "Ìyàwó mi," àwọn méjèèjì á sì jọ máa fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ń jẹ ẹ̀pà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Dádì, ó sì fẹ́ràn èdè òyìnbó dé ibi tí kò dára. Ní àárọ̀ Sátidé, bí a bá ti ń mu ògì pẹ̀lú àkàrà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní ọ̀rọ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni dítúọ̀. Ó ní, "Ẹ má máa sọ pé ẹ yípo bí ará oko. Bí ọ̀nà gan-an bá dí, tí ẹ wá gba ibòmíràn, dítúọ̀ lẹ ṣe. Bí àwọn tó ń ṣe títì bá gbé àgbá sójú ọ̀nà, dáfáṣọ̀n nìyẹn. Bí ọ̀nà bá gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá tí kò wọ inú rẹ̀, báípáàsì. Bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá sì ń lọ́ bí ejò kó tó débi tó ń lọ, a ó ní ó sàkúítọ́ọ̀sì." Dàpọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú láti pe èyí tó kẹ́yìn, itọ́ ẹnu rẹ̀ bọ́ sínú ògì mi. Màmá, tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ní òun náà mọ̀ wọ́n ní Yorùbá: ó yà, ó yípo, ó gba ẹ̀bùrú, ó gba ẹ̀yìn, ó yẹ̀ ẹ́. "Gbogbo ẹ̀ la ń lò nínú ilé yìí," ó ní, "àfi tààrà nìkan ni a ò tíì rí lò." Dádì ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Màmá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjà á ti tú kó tó dé ibẹ̀.

Kí ẹ má rò pé irọ́ ni Dádì ń pa o. Kì í purọ́ rárá. Ó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ nínú ìjọ, ó sì ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó kàn máa ń yí òtítọ́ po ni, kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kàn án. Bí ẹnìkan bá tọrọ nǹkan tí kò fẹ́ fún un, kò ní sọ pé rárá. Á ní, "Ọ̀rọ̀ yín ń gba àkíyèsí," bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wọn. Lẹ́yìn náà, bí a bá wà nínú mọ́tò ìjàpá rẹ̀ tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní gba iwájú ilé ẹni náà mọ́. Á yà sí áfẹ́níù mìíràn, á yípo ní ráńdábaọ̀tì, á tún bá ibòmíì yọ, títí a ó fi pẹ́ dé ìsìn, tí gbogbo ìjọ á yíjú wò wá. Festac sì ni ibùgbé tó dára jù fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni gbogbo áfẹ́níù ń jẹ́, kílóòsì wà lára wọn bí ẹ̀ka lára igi, ìyẹn àwọn òpópónà kúkúrú tí kò ní àbájáde, ilé gbogbo sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọ pálọ̀ wa, ó bọ́ bàtà, ó ní kí n gbé omi wá fún òun, mo sì gbé e wá. Ó ti mu ún dé ìdajì kó tó gbójú sókè rí Màmá tó dúró tí ó ń wò ó. Ilé tirẹ̀ wà ní kílóòsì kejì.

Bọ̀dá Múfú ni ọkùnrin tó ń fẹ́ Àǹtí Rẹ̀mí. Ọmọ Àmùwò gidi ni, ọmọ àwọn tó ni ilẹ̀ kí ìjọba tó wá fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó ń ta sìmẹ́ńtì àti búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì Àǹtí, ó sanra díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá ra gúgúrú fún wa, á nà án sí wa, á ní, "Gúgúrú." Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí gbólóhùn rẹ̀ ń parí. Ó fẹ́ Àǹtí, Àǹtí náà fẹ́ ẹ, Dádì nìkan ló kù tí yóò fọhùn, nítorí bàbá wọn náà ti kú, òun sì ni olórí ẹbí lÉkòó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àbúrò bàbá wọn gan-an ń kírun, Dádì a sì máa jẹ ẹran iléyá rẹ̀ ní àjẹlá. A kò mọ ohun tó jẹ́. Bí Àǹtí bá kúnlẹ̀ bi í pé, "Bọ̀dá mi, kí ni mo máa sọ fún wọn?" á ní, "Rẹ̀mí, ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dà bí afárá?" Láti ibẹ̀ á bọ́ sórí bí wọ́n ti ń ri òpó afárá mọ́lẹ̀, á dé orí àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ọ, á kan ìwà àwọn awakọ̀ táńkà ní ọ̀nà Satellite, nígbà tí yóò bá sì fi parí, Àǹtí á ti sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Àmùwò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá mọ ilé, Dádì fún wọn ní ọjọ́ tó mọ̀ dájúdájú pé òun ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dé, wọ́n bá àga. Ìgbà kejì, ó fi ẹnu ara rẹ̀ júwe ilé fún Bọ̀dá Múfú, gbogbo ohun tó sọ ló sì jẹ́ òótọ́: ẹ bá Fọ́ọ̀sì Áfẹ́níù wọlé, ẹ yípo ní ráńdábaọ̀tì, ẹ má yà ní oríta àkọ́kọ́, ẹ lọ títí, ẹ ṣẹ́rí padà níbi tí wọ́n ti ń ṣe gọ́tà, ẹ wọ kílóòsì tó bá wà lọ́wọ́ òsì yín bí ẹ bá kọjú sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ọ̀nà wà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀. Dádì kò sọ ọ́. Àwọn èèyàn náà sì wọ ilé tó jọ tiwa, ní kílóòsì tó jọ tiwa, tí nọ́ńbà rẹ̀ jọ tiwa.

Àǹtí ló ròyìn rẹ̀ fún Màmá ní ìdí ààrò, mo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá wá tọrọ ìyàwó kì í ṣàdédé dárúkọ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ̀dá Múfú ló dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní, "À ń kọjá lọ ni a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó sì wù wá." Onílé, tí kò rí wọn rí, tó sì jẹ́ ọmọlúàbí, ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Òdòdó wa kò kéré. Èwo nínú wọn?" Wọ́n ní, "Èyí tó tàn jù." Inú onílé dùn, ó ní wọ́n lójú. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n mu mínírà, wọ́n gbé ọsàn àti iṣu tí wọ́n mú wá kalẹ̀, wọ́n ní kí òdòdó jáde wá kí àwọn rí ojú rẹ̀. Ni ọmọbìnrin kan bá jáde tòun ti sọ́kísì ilé ìwé lẹ́sẹ̀ àti rúlà lọ́wọ́, ó ní, "Dádì, ẹ pè mí?" Bọ̀dá Múfú fò dìde bí ẹni tí kòkòrò ta. Ìyá ọmọ náà figbe ta pé, "Ẹ̀yin àgbààyà! Fọ́ọ̀mù túù lọmọ yìí wà o!" Wọ́n fi iṣu sílẹ̀, wọ́n fi ọsàn sílẹ̀, ẹnìkan nínú wọn fi fìlà sílẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ tí ìyá àgbà Bọ̀dá Múfú rán sí i lẹ́yìn ìtìjú yẹn. Ìyá náà ní òun fúnra òun ń bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Bí àwọn bá bá bọ̀dá rẹ̀ nílé, kó dá àwọn lóhùn. Bí àwọn kò bá bá a, èyí ni ìgbà kẹta, àìsínílé náà ti dáhùn. Àwọn á wá ìyàwó sí ibòmíràn fún Múfú. Bọ̀dá Múfú kò sì jẹ́ bá ìyá yẹn jiyàn, nítorí òun ló tọ́ ọ, bí Dádì ti tọ́ Àǹtí. Ní ọjọ́ Sátidé, Àǹtí jókòó lórí àpótí, ó ń gé ilá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní alùbọ́sà ni. Kò sí alùbọ́sà lórí àwo náà.

Màmá ń sá aṣọ. Òun náà kò lè dá sí i ní gbangba. Ìyàwó ló jẹ́ nínú ẹbí yẹn, ẹnu ìyàwó kì í wọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọkọ. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ sọ̀rọ̀. Ó gbọn ṣòkòtò Dádì pàá, ó ní, "Ìwọ ṣòkòtò, jẹ́ kí n bi ọ́. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ síbi tí mo sá ọ sí yìí kí wọ́n tó kọ́lé, bó bá ń bọ̀ wá kí mi, ṣé títì ló máa gbà ni? Akàn lásán-làsàn mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa." Ọ̀bẹ Àǹtí dúró lórí ilá. Ó wo àbàtà, ó wo Màmá, ó ní, "Ìyàwó mi, mo ń jáde díẹ̀." Màmá ní, "Ìbàdíàrán, èmi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o." Mo ti wá mọ̀ lónìí pé gbogbo wa là ń rìn yípo. Ibi tí èèyàn ń yípo lọ ló yàtọ̀: àwọn kan ń yípo kí wọ́n lè débẹ̀, àwọn kan ń yípo kí wọ́n má débẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹun, Dádì bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó dúró sí ojú fèrèsé pálọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. "Mo wà nílé o," ó ń sọ fún Màmá. "Ẹ rí mi pé mo wà nílé." Màmá ní òun rí i, òun kì í ṣe afọ́jú. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé bí wọ́n bá bi í lọ́la, á lè fi Bíbélì búra pé òun dúró dè wọ́n. Bí mọ́tò kan ṣe fọn fèrè ní iwájú ilé báyìí, Dádì kò dúró wo ẹni tó ń fọn ọ́n. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo nǹkan kan," ó sì gba kíṣìnnì jáde. Mọ́tò ìjàpá rẹ̀ ti wà ní ẹnu kílóòsì láti ìgbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti kọjú síta. Á gba ẹ̀yìn ilé, á yí ọgbà aládùúgbò po, á bọ́ sí mọ́tò, ó parí. Mo tẹ̀ lé e nítorí pé mo rò pé ó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Àlejò aládùúgbò ló fọn fèrè yẹn.

Lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa, ìyá arúgbó kan dúró. Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀pá gún pákó wò bóyá ó lè gbé òun. Àwọn ọkùnrin méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú iṣu tuntun, Bọ̀dá Múfú sì wà lẹ́yìn wọn, ó di bàtà ìyá àgbà rẹ̀ mú bí ẹni gbé ẹyin. Akàn ń sá yà sọ́tùn-ún sósì. Dádì kò ríbi yà sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, tòun ti bàtà lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Mo ní kí n jáde wá pàdé yín lọ́nà ni."

"O ṣeun, ọmọ mi," ìyá náà wí. "Bàtà wá ń ṣe kí ni lọ́wọ́?"

"Ilẹ̀ yìí tutù ni, Màmá."

"Ó ti tutù láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Dìde."

Wọ́n ní kí ìyá náà wọ pálọ̀, ó ní rárá, ẹsẹ̀ òun dọ̀tí. Ó jókòó sórí àpótí tí Àǹtí fi ń gé ilá, ó wo ìdí ààrò wa títí. Ó ní, "Ibi tí ẹ gbé ìkòkò ka yẹn, ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ ọmọ mi sí bí mo bá ń ro oko." Kò sọ ọ́ bí ìjà. Ó kàn sọ ọ́. Nígbà náà ni ìyá náà wá tún ara rẹ̀ jókòó. "Èmi kò bá ti òdòdó wá o. Òdòdó ti dójú tì wá tó. Rẹ̀mí ọmọ yín la fẹ́, fún Múfú ọmọ mi. Ṣé ẹ máa fún wa, àbí ẹ ò ní fún wa?"

Dádì bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dà bí afárá..."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun tiyín kọjá ni. Pákó ni."

"Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí..."

"Mo ti darúgbó jù fún ààbọ̀, ọmọ mi. Ẹ fún mi ní odidi."

Àǹtí jáde láti kíṣìnnì, ó ṣì di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Kò kúnlẹ̀ fún àlejò, ẹ̀gbẹ́ Dádì ló wá kúnlẹ̀ sí, ó ní, "Bọ̀dá mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Dádì wo ojú rẹ̀, ó wo ṣíbí náà, ó wo ìkòkò tó ń hó lórí ààrò, ó ní, "Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa..." Mo bojú wo Màmá, mo rò pé ó máa fi ọ̀rọ̀ kan ta á. Màmá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dádì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. "A fún yín," ó wí. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nísinsìnyí tí èmi náà ń gbé ọmọ pọ̀n, tí mo ń ronú pé ẹnìkan ń bọ̀ wá gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, mo mọ ìyókù gbólóhùn tí Dádì gbé mì. Ọmọ tí èèyàn tọ́ láti ìrákòrò, kò rọrùn láti fi sílẹ̀. Ó ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n n kò lè torí ìyẹn pa á mọ́: Àǹtí mi sunkún sórí ilá, odidi ẹbí kan di ẹlẹ́yà ní kílóòsì tí kì í ṣe tiwa, nítorí pé àgbàlagbà ọkùnrin kò lè la ẹnu sọ pé, "Rẹ̀mí, mi ò fẹ́ kí o lọ." Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí kí á fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá náà ní kí Dádì sin àwọn sọ́nà. Kò ṣeé kọ̀. Ó tẹ̀ lé wọn lórí pákó, ó bá wọn wọ inú koríko gíga, a ń wo síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí kò fi hàn mọ́. Àǹtí bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó dé e. Oúnjẹ náà ò tíì tutù tí Dádì fi dé. Ó padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, Àǹtí pọn omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da á sí i lẹ́sẹ̀.

"Rẹ̀mí."

"Bọ̀dá mi."

"Ibẹ̀ ò jìnnà."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá mi."

"Mo ní ibẹ̀ ò jìnnà rárá. Bí èèyàn bá bu ọbẹ̀ níbẹ̀, tó ń gbé e bọ̀ níbí, á ṣì máa gbóná."

Màmá ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn, kò bojú wẹ̀yìn. "Ó kàn dá lórí ẹni tó bá júwe ọ̀nà fún un ni," ó ní.